Ọkọ̀ Wà Nílẹ̀, Ìwé Rẹ̀ Dà? Ìrìn Àjò Ìjàpá Kan Láti Abẹ́òkúta Dé Ìbàdàn

Bí èèyàn bá ra ewúrẹ́ lọ́jà, okùn ọrùn rẹ̀ ni wọ́n á fi lé e lọ́wọ́. Bó bá ra ilẹ̀, á ní kí àwọn onílẹ̀ fọwọ́ sí ìwé níṣojú ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá kan ọkọ̀ àlòkù, pàápàá èyí tó ti dákú sẹ́yìnkùlé láti ọdún gbọọrọ, ojú lásán lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rà á. Wọ́n á wo bọ́dì, wọ́n á gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á náwó, wọ́n á sanwó. Ó di ìgbà tí wọ́n bá wọ́ ọ délé kí wọ́n tó rántí béèrè pé: ìwé ọkọ̀ ọ̀hún ńkọ́?

Ohun tójú ọ̀gá panẹ́ẹ̀bítà kan n'Ìbàdàn rí nìyẹn láàárín oṣù Keje ọdún 2023 sí oṣù Kẹta ọdún 2024. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tẹ́ ẹ ń dá àjọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Owó ọjà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

ABẸ́ IGI MÁŃGÒRÒ

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Apátà jáde n'Ìbàdàn, tó kọjá Ọmí-Àdìó, tó kọjá Bákàtàrí, tó rí àwọn òkúta ńláńlá bí wọ́n ṣe ń yọrí lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kò ní í pẹ́ dé Ọdẹ́dà. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tó ń ru òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ sí, eruku wọn a sì máa bo àwọn tó ń ta ẹ̀gẹ́ àti ọsàn létí títì. Lẹ́yìn Oṣíẹ̀lẹ̀ ni Abẹ́òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, òrùlé páànù tó ti pọ́n lórí òkè, òmíràn nísàlẹ̀ òkè. Bẹ́ ẹ bá wọ̀lú dé Kútọ̀, Olúmọ ò jìnnà mọ́.

Ìsàlẹ̀ Olúmọ yẹn, lápá Ìkìjà, ni agboolé tí ọkọ̀ náà wà. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, òkúta ló pọ̀ nínú rẹ̀, adìẹ ń jẹ̀, àwọn ìyá sá aṣọ àdìrẹ sórí okùn. Lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò, ni Volkswagen kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìjàpá jókòó sí. Ewé ti bò ó. Adìẹ kan ti yé ẹyin sórí sítì ẹ̀yìn. Nọ́ńbà iwájú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, OG ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà ayé àtijọ́.

Hẹdímásítà kan ló ni ọkọ̀ náà. Ọdún 1975 ló rà á ní tuntun. Ẹ̀yin àgbà á rántí ọdún yẹn, àsìkò owó Udoji ni. Ìjọba san àjẹmọ́nú fún àwọn òṣìṣẹ́ lápapọ̀, tíṣà tó ń gun kẹ̀kẹ́ di ẹni tó ń bèèrè owó mọ́tò. Oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó. Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún náà. Ìjàpá ò ga, kò sì tóbi, ṣùgbọ́n kò lo rédíétọ̀, atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì ọ̀hún wà. Òkè Abẹ́òkúta ò bà á lẹ́rù.

Bàbá wa ọkọ̀ náà títí di ọdún 1990, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó gbé e síbẹ̀, kò sì wà á mọ́. Ní 1998, ó papò dà. Ìyàwó méjì ló fi sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ méje. Kò kọ ìwé ìhágún kankan. Wọ́n pín ilé, wọ́n pín oko, ẹnikẹ́ni ò rántí ìjàpá lábẹ́ igi.

BÍ OWÓ ṢE JÁDE

Dókítà kan n'Ìbàdàn ló fẹ́ ìjàpá. Irú èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń gbé e lọ sílé ìwé ló ń wá. Ó ní tí ọ̀gá panẹ́ẹ̀bítà bá lè rí ọ̀kan, tó lù ú, tó kùn ún, tó sì gbé e fún òun pẹ̀lú ìwé pípé, òun á san mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà (₦1,400,000). Ó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ (₦150,000) dá a lọ́wọ́ lé.

Ọmọ iṣẹ́ kan tó jẹ́ ará Ẹ̀gbá ló mú ọ̀gá rẹ̀ dé abẹ́ igi máńgòrò. Àbígbẹ̀yìn hẹdímásítà, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, ni wọ́n bá nílé. Ó pe ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó àbọ̀, wọ́n ná an títí ó fi dúró sórí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta-dín-nírínwó (₦350,000). Owó dókítà ò tó. Ìyàwó ọ̀gá panẹ́ẹ̀bítà, tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ni, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba (₦200,000). Owó tó fẹ́ fi já èlùbọ́ láti Ṣakí ni. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé oṣù méjì péré lòun fẹ́ lò ó. Ó gbé e sílẹ̀.

"Ìwé rẹ̀ ńkọ́?" ni ọ̀gá béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n ń sanwó.

"Ọ̀gá, ìwé wà nílé jàre. Ẹ ẹ̀ rí i pé ọkọ̀ bàbá wa ni? Ẹ máa gbé e lọ, màá kó gbogbo ẹ̀ wá bá yín n'Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó ya bébà kan nínú ìwé ọmọ ilé ìwé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti gba owó, ó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá panẹ́ẹ̀bítà ká a sápò. Wọ́n fa ìjàpá sórí ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n kọrí sí Ìbàdàn. Wọn ò tí ì rìn jìnnà tí àwọn ọlọ́pàá fi dá wọn dúró. "Ìwé ọkọ̀ tẹ́ ẹ gbé sẹ́yìn yìí dà?" Bébà ọmọ ilé ìwé ni wọ́n yọ. Ọlọ́pàá kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò nílẹ̀ yìí mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àbígbẹ̀yìn ò dé. Ọ̀sẹ̀ kẹta, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́.

IṢẸ́ Ń LỌ, ÌWÉ Ò SÍ

Ọ̀gá ò kúkú jókòó. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá ti lu ìjàpá rí mọ ibi tí ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́: ilẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, àti abẹ́ sítì ẹ̀yìn níbi tí bátìrì wà. Omi bátìrì ti jẹ irin ibẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Wọ́n gé e, wọ́n fi páànù tuntun jó o. Ọ̀gá ná ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún-lé-nírínwó (₦420,000) sórí irin, ọ̀dà, táyà àti wáyà, kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Gbèsè ló fi rà á jù nínú wọn, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páátì ní Gáàtì.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ kan gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń họ irin, ó fẹ́ fi pa ìpẹtà tó wà láàárín ilẹ̀ ọkọ̀, lábẹ́ sítì ẹ̀yìn. Igbe ni ọ̀gá fi dá a dúró. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáńsì ìjàpá sí, lórí irin tó yọ gọngọ láàárín. Bí ẹ̀rọ bá fi lè họ nọ́ńbà yẹn pẹ́nrẹ́n, kò sí ọlọ́pàá tí kò ní í sọ pé ọkọ̀ jíjí ni. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló ti fi ọwọ́ ara wọn ba ọkọ̀ oníbàárà jẹ́ báyìí, láìmọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ di ọkọ̀, tó pupa bí osùn, ọ̀gá gbéra lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ tẹ nọ́ńbà OG sínú kọ̀ǹpútà. Kò rí i. Ó tẹ nọ́ńbà ṣáńsì. Kò rí i.

"Bàbá, kọ̀ǹpútà ò mọ ọkọ̀ yín."

Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọdún rẹ̀. Nígbà tí hẹdímásítà ra ọkọ̀ ní 1975, Wẹ́sítàn Sítéètì ló wà. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba Ọ̀gágun Murtala Mohammed pín in sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Òǹdó. Bàbá yí nọ́ńbà rẹ̀ sí ti Ògùn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1992 tí nọ́ńbà tuntun ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC jáde, ìjàpá ti wà lábẹ́ igi fún ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n tún yí i padà ní 2011, adìẹ ti ń yé sínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ka ọkọ̀ sínú ìwé tuntun, òun ń sùn. Lójú ìjọba, kò sírú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé.

Akọ̀wé ní kí ọ̀gá lọ mú ìwé mẹ́ta wá. Àkọ́kọ́, ìwé tó fi hàn pé ẹni tó ta ọkọ̀ ló ni ín. Ìkejì, rìsíìtì gidi pẹ̀lú ìwé ìbúra láti kóòtù. Ìkẹta, ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù kẹ̀? Ọkọ̀ tí wọ́n tò ní Ọjọ́? Akọ̀wé ní òun ò mọ̀, pé gbogbo ọkọ̀ àlòkù tó bá wá ni wọ́n ń bi í.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má gba ẹnu bodè orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé mọ́, pé etíkun nìkan ni kó gbà. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, Kọ́sítọ́ọ̀mù tún kéde pé kí gbogbo onímọ́tò tí kò bá sanwó ibodè wá san án láàárín oṣù kan. Ariwo sọ, Ilé Aṣòfin Àgbà yarí, wọ́n sì dá ìkéde náà dúró. Ṣùgbọ́n látìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn akọ̀wé. Ẹni tí ejò bá ti ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Nígbà tí ọ̀gá délé, tó ròyìn, ìyàwó rẹ̀ wò ó lójú. "Bàbá Ọmọ, ṣé ọkọ̀ lẹ rà ni, àbí ẹjọ́?"

PADÀ SÍ ÌSÀLẸ̀ OLÚMỌ

Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Láti ìgbà náà ni owó ọkọ̀ ti ń fò sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ọ̀gá panẹ́ẹ̀bítà fi ẹsẹ̀ tẹ Abẹ́òkúta lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà kejì tó lọ, kò bá àbígbẹ̀yìn. Wọ́n ní ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù. Ẹni tó bá nílé ni ìyáálé, ìyá àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ kú jókòó, Màmá."

"Ẹ kú àbọ̀, ọmọ mi. Taa lẹ wá bá?"

Ó rojọ́ fún wọn látòkè délẹ̀. Ìyá dákẹ́ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ṣé ọkọ̀ ọkọ mi ló tà? Àwọn ọmọ tèmi sọ fún mi pé ìjọba ló wá gbé e."

Ibẹ̀ ni wàhálà ti rú. Ọmọ ìyàwó kejì ni àbígbẹ̀yìn. Àkọ́bí, ọmọ ìyáálé, tó jẹ́ kafíńtà ní Láàfẹ̀nwá, sáré dé. Ó ní ole ni àbúrò òun, olè sì ni ẹni tó ra ẹrù olè. Ó ní kí ọ̀gá gbé ọkọ̀ padà wá sábẹ́ igi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tọlọ́pàá ló kù.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin olùkàwé. Ọ̀rọ̀ kafíńtà kì í ṣe ìhàlẹ̀ lásán. Ẹnìkan kì í ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí bàbá kú láìkọ ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ ló ni ọkọ̀ náà. Ọmọ kan ò lè dá a tà, bí owó tiẹ̀ pé. Ẹni tó bá sì ra ọjà tó mọ̀ pé wọ́n jí, òfin lè mú òun náà. Ọ̀gá panẹ́ẹ̀bítà ò mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti wá mọ̀ báyìí. Bó bá tún ta ọkọ̀ ọ̀hún fún dókítà láìyanjú rẹ̀, òun náà ti di ẹni tó ń ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó lè jà. Ó ní bébà ọmọ ilé ìwé lọ́wọ́, ó ti ná owó sórí ọkọ̀. Àwọn kan n'Ìbàdàn tilẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ bá àwọn tó ń ṣe ayédèrú ìwé, pé ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, mẹkáníìkì, ló sọ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ létí: "Ìwé ayédèrú á gbé ọ dé ọwọ́ dókítà. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá dókítà dúró ńkọ́? Orúkọ taa ló máa dá?" Ọ̀gá fọwọ́ wọ́nú. Ó mú ọtí ẹlẹ́ridòdò páálí méjì, ó mú ìṣù márùn-ún, ó padà lọ bẹ ẹbí.

ÌPÀDÉ ẸBÍ

Ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Kẹwàá ni wọ́n jókòó. Àwọn ọmọ márùn-ún pésẹ̀ nínú méje, àwọn méjì tó kù sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀kan láti Ìlọrin, ọ̀kan láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n pe àbígbẹ̀yìn láti Ṣàgámù, ó dé pẹ̀lú orí ìtìjú. Owó náà ti tán, ó ní owó ilé ìwé ọmọ lòun fi san.

Kafíńtà fẹ́ kí ọ̀gá fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún kún un. Ọ̀gá ní òun ò ní. Ìyáálé ló dá sí i.

"Ọkọ̀ yẹn jókòó sábẹ́ igi fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nínú yín, taa ló fi ìgbálẹ̀ kàn án? Ẹni tó rà á ti jẹ́ kó dà bí ọjọ́ tí bàbá yín gbé e délé. Ẹ gba ohun tó bá mú wá."

Wọ́n gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta (₦60,000). Lẹ́yìn náà ni ìyá wọlé, wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Àpótí páànù kékeré kan ni wọ́n gbé wá, irú èyí tí àwọn tíṣà àtijọ́ máa ń kó ìwé sí. Nínú rẹ̀, lábẹ́ Bíbélì àti ìwé ìgbéyàwó, ni ìwé ọkọ̀ wà: rìsíìtì tí wọ́n kọ fún bàbá ní 1975, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti Wẹ́sítàn Sítéètì, ti Ògùn tó tẹ̀ lé e, àti rìsíìtì ẹ́ńjìnnì tí bàbá pààrọ̀ ní 1986. Ìyá ní ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn rí. Àbígbẹ̀yìn tó ní ìwé wà nílé ò parọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó wà.

Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ jáde ní 1859. Ìlú tó ti mọyì ìwé tipẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá wà nínú àpótí tí àwọn ọmọ ò sì mọ̀, kò yàtọ̀ sí èyí tó jóná.

Rìsíìtì 1975 yẹn nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Ó yanjú ọ̀rọ̀ Kọ́sítọ́ọ̀mù pátápátá, torí ó hàn lára rẹ̀ pé ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tò l'Ékòó ni bàbá rà, kì í ṣe ọkọ̀ tó gba ẹnu bodè wọlé.

KÓÒTÙ ÀTI SUURU

Ìwé ti jáde, ṣùgbọ́n olóko ìwé ti kú. Òkú ò lè fọwọ́ sí rìsíìtì. Ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe ni pé kí ẹbí gba ìwé àṣẹ láti bójú tó ẹrù olóògbé, ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ogún ní kóòtù gíga. Wọ́n mú ìwé ẹ̀rí ikú dání, wọ́n to ẹrù tó kù sílẹ̀, wọ́n mú onídùúró wá, wọ́n san owó, kóòtù sì kéde rẹ̀ kí ẹni tó bá ní àtakò lè yọjú. Orúkọ ọmọ méjì ni wọ́n fi sí i, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyáálé, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kejì. Ìyá àgbà ló ní kó rí bẹ́ẹ̀, kí ìjà má bàa tún jí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá bá wọn lọ sí kóòtù. Lẹ́ẹ̀kan wọ́n ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i ò wá. Lẹ́ẹ̀kejì wọ́n ní iná ò sí. Ìjàpá ń lọ sájò, wọ́n bi í pé ìgbà wo ló máa dé, ó ní ó di ìgbà tóun bá tẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ lóòótọ́, torí ní oṣù Kejìlá, dókítà pè. Ó ní òun ti rí ìjàpá mìíràn ra l'Ékòó, ìwé rẹ̀ pé, kí ọ̀gá dá owó àsansílẹ̀ òun padà.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ. Níbo ni yóò ti rí i? Ìyàwó rẹ̀ tí kò tí ì rí owó àjọ gbà ló tún lọ bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Bódìjà. Ìyálọ́jà àwọn eléèlùbọ́ yá a. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó yẹn ò já èlùbọ́ láti Ṣakí mọ́, apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì, èrè tó kéré ló ń jẹ. Kò pariwo. Ó kàn ń ka ọjọ́ ni.

Ìparí oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìwé kóòtù jáde. Ọ̀gá lọ Abẹ́òkúta nígbà kẹfà. Àwọn ọmọ méjèèjì fọwọ́ sí rìsíìtì tuntun, wọ́n búra, òun náà búra. Kafíńtà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àbígbẹ̀yìn gbé àpò ọ̀fàdà kékeré kan sínú ọkọ̀ fún un.

NỌ́ŃBÀ TÓ KÙ DÍẸ̀

N'Ìbàdàn, àwọn ọlọ́pàá wá wo ọkọ̀ láti fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé ti inú ìwé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ò bá ti 1975 mu. Rìsíìtì ẹ́ńjìnnì ti 1986 ló gba ọ̀gá sílẹ̀. Wọ́n ní kó búra sí i, ó búra. Nọ́ńbà ṣáńsì ni wọ́n wá dé orí rẹ̀. Ìwé ní 3, ṣùgbọ́n lára irin tí omi bátìrì ti ta sí, ó jọ 8.

Ọ̀gá ò bá wọn jiyàn. Ó mú aṣọ, ó fi kẹrosíìnì nù ún, kò fi irin kàn án. Ó fi ẹfun pa á, ó nu ojú rẹ̀ kúrò, kí ẹfun lè kù sínú ibi tí wọ́n tẹ̀. Ó tẹ́ bébà funfun lé e, ó fi pẹ́ńsù ra á jẹ́jẹ́. Nọ́ńbà jáde sórí bébà kedere: 3 ni, ìpẹtà ló dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá gba bébà náà mọ́ ìwé. Tí ọmọ iṣẹ́ bá ti fi ẹ̀rọ họ ọ́ lọ́jọ́sí, ọ̀rọ̀ ìbá ti bẹ́yìn yọ.

Lẹ́yìn náà ni ti àwọn Vi-Ai-O tó wo bíréèkì àti iná. Lẹ́yìn náà ni ti ìnṣọ́ránsì, èyí tí wọ́n ti gbé láti ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (₦15,000) láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, akọ̀wé kan náà tẹ ọkọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó gbé nọ́ńbà tuntun fún ọ̀gá. Ó ní, "Bàbá, ó ti mọ̀ ọ́n wàyí."

Dókítà ti lọ, ṣùgbọ́n ìjàpá wà. Ọ̀gá ò tà á. Àwọn tó ń ṣègbéyàwó n'Ìbàdàn ló ń yá a lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á so òdòdó mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyàwó tuntun á dúró tì í ya fọ́tò. Nínú owó yẹn ló ti san ti àwọn onípáátì ní Gáàtì, ó san ti ìyálọ́jà. Nígbà tí ọdún 2024 parí, nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba tó yá lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà ló ti dá padà. Ọgọ́rin ṣì kù.

Ẹ FI ṢE ÀRÍKỌ́GBỌ́N

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, ì báà jẹ́ èyí tó ń rìn, ì báà jẹ́ òkú ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ jí dìde, ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó wo bọ́dì. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáńsì wé ti inú ìwé lójú ẹni tó ń tà á. Ẹ bèèrè orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé, ṣé òun ló dúró níwájú yín? Tó bá ti kú, ẹ bèèrè ìwé kóòtù, ẹ má gba "àwa la ni ín" gbọ́, kódà kí wọ́n jọ bàbá wọn bí ìmumu. Bí ìwé ò bá tí ì pé, tí ọkọ̀ sì wù yín, ẹ san ìdá díẹ̀, kí ìyókù wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ fọkàn tán títí ìwé á fi dé. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní ibi tí nọ́ńbà wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, owó àjọ yín ni owó àjọ yín. Bí bàbá ọmọ bá ní kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ ra ọkọ̀, ẹ má ṣàì gbà fún un bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó tú ìdí aṣọ, ẹ ní kó kọ́kọ́ gbé ìwé ọkọ̀ ọ̀hún wá, kẹ́ ẹ jọ kà á.